Ìbọn àti ọta fún ọdẹ elk: .30-06, .308, .270, 6.5 Creedmoor, 7mm àti .300, èwo ló yẹ yín?

Ẹni tó bá fẹ́ lọ sóde elk, ẹran ìdílé àgbọ̀nrín tó tóbi gan-an, fún ìgbà àkọ́kọ́ ní Colorado tàbí Wyoming ní Amẹ́ríkà, tó bá ti wọ ṣọ́ọ̀bù ìbọn báyìí, nǹkan á kọ́kọ́ dàrú mọ́ ọn lójú. Ìbọn kún ara ògiri, páálí ọta tò rẹrẹẹrẹ, nọ́ńbà tó ń sọ bí ọta ṣe fẹ̀ tó ló sì wà lára gbogbo ẹ̀, .270, .308, .30-06, 7mm, .300, 6.5, ẹni tó ń tajà á máa sọ pé èyí tó lágbára jù ni kó mú torí pé elk kì í ṣe ẹran kékeré. Èmi ò fara mọ́ ìyẹn rárá. Mo ti rí elk tó gbọta ìbọn ńlá sára tó sì sá lọ, mo sì ti rí èyí tí .308 lásán dá dúró kó tó rìn jìnnà, ohun tó sì dá mi lójú ni pé ọta tó máa wọlé dáadáa àti èjìká tí ò bẹ̀rù ìbọn ẹ̀ ló ń pa elk. Orúkọ tí wọ́n kọ sára ìbọn, ẹ̀yìn ló wà.

Ká tó mú ìbọn kankan, ẹ jẹ́ ká mọ irú ẹran tá à ń sọ. Akọ elk tó ti dàgbà láwọn òkè Rocky máa ń wúwo tó 600 sí 800 pọ́n-ùn, abo ẹ̀ á wà ní nǹkan bí 450 sí 550, èyí tí wọ́n ń pè ní Roosevelt elk lápá etíkun Oregon àti Washington tún máa ń tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìgalà tá a mọ̀ nílé ò dé ìdá mẹ́rin ẹ̀, ká má tíì sọ ti ẹtu. Awọ ẹ̀ nípọn, eegun apá ẹ̀ le, ẹ̀mí ẹ̀ náà sì le gan-an. Elk tí ọta bá níkùn lè rin máìlì tó pọ̀ kó tó dùbúlẹ̀, ó máa ń wọ inú àfonífojì tí igi ti wó dí, yìnyín á máa bọ́, ilẹ̀ á ṣú, ẹran ńlá bẹ́ẹ̀ á wá jẹ̀rora títí tó fi máa kú síbi tẹ́nì kankan ò ti ní rí i. Ohun tó ń dùn mí jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn, torí ẹ̀ ni mo ṣe fẹ́ ká fara balẹ̀ yan nǹkan tá a máa gbé lọ.

Bí mo ṣe máa ń wò ó rèé. Àkọ́kọ́ ni ọta fúnra ẹ̀, ìyẹn irin tó wà lórí kátíríìjì tó ń fò jáde, ṣé tó bá kan eegun ó máa fọ́ túútúú ni àbí ó máa wà pọ̀ kó sì máa wọlé lọ. Ìkejì ni bí ìbọn náà ṣe ń ta èèyàn léjìká, torí ìbọn tẹ́ ẹ bá ń bẹ̀rù ẹ ò lè yìn ín dáadáa, kò sí bẹ́ ẹ ṣe fẹ́ gbìyànjú tó. Ìkẹta ni agbára tó kù lára ọta nígbà tó bá dé ọ̀dọ̀ ẹran, àwọn ọdẹ ibẹ̀ ní òṣùwọ̀n kan tí wọ́n ń lò, pé kó ṣì ní nǹkan bí 1,500 foot-pound (ohun tí wọ́n fi ń wọn agbára ọta) tó bá kan elk lára, kì í ṣe òfin, àwọn míì sì máa ń jiyàn ẹ̀, àmọ́ ó wúlò tẹ́ ẹ bá ń fi ìbọn kan wé òmíì. Lẹ́yìn ìyẹn owó, kì í ṣe owó ìbọn nìkan o, owó kátíríìjì tẹ́ ẹ máa fi kọ́ bẹ́ ẹ ṣe ń yìn ín, àti bóyá ẹ máa rí i rà ní ìlú kékeré bíi Craig tàbí Meeker ní Colorado tí àpò yín bá lọ sọnù ní ẹ́apọ́ọ̀tù. Ìgbẹ̀yìn ni ìwúwo, torí elk ń gbé lórí òkè tó ga tó 8,000 sí 11,000 ẹsẹ̀ bàtà, èémí máa ń ṣòro níbẹ̀, gbogbo pọ́n-ùn kan tẹ́ ẹ bá gbé kọ́ èjìká lẹ ó mọ̀ lára.

Òfin náà wà níbẹ̀. Ní Colorado, tí agbo elk ẹ̀ pọ̀ ju ti ìpínlẹ̀ èyíkéyìí lọ ní Amẹ́ríkà, nǹkan bí 280,000, fífẹ̀ ọta ìbọn elk ò gbọ́dọ̀ kéré sí .24 íǹṣì, ọta ẹ̀ ò gbọ́dọ̀ fúyẹ́ ju 85 grain (ohun tí wọ́n fi ń wọn ìwúwo ọta) lọ, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ irú tó ń ṣí tó bá wọ ẹran, ó sì gbọ́dọ̀ ní ó kéré tán 1,000 foot-pound ní 100 yáàdì. .243 Winchester wọ inú òfin yẹn, èèyàn sì ń fi pa elk, ṣùgbọ́n mi ò ní fi sáàárín àwọn tí mo fẹ́ yẹ̀ wò, torí ó gba kéèyàn mọ̀ ọ́n yìn ju bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ṣe mọ̀ ọ́n lọ.

Ẹ jẹ́ ká wá bẹ̀rẹ̀ látorí .30-06, torí òun làgbà. Àwọn ológun Amẹ́ríkà ló gbé e jáde lọ́dún 1906, ibẹ̀ ni 06 orúkọ ẹ̀ ti wá. Ó ti lé lọ́gọ́rùn-ún ọdún, ó ṣì ń pa elk lọ́dọọdún. Ọta 180 grain máa ń jáde lẹ́nu ẹ̀ ní nǹkan bí 2,700 ẹsẹ̀ bàtà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, pẹ̀lú agbára tó tó 2,900 foot-pound, tó bá sì dé 300 yáàdì ó ṣì máa ń lé ní 1,700. Tẹ́ ẹ bá ṣètò skópù, ìyẹn awò tí wọ́n ń dè sórí ìbọn, kí ọta ba ojú ibi ní 200 yáàdì, ọta ẹ̀ á wálẹ̀ tó íǹṣì mẹ́jọ ní 300, ó sì máa wálẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà méjì ní 400, ẹni tó bá fẹ́ kọjá 300 gbọ́dọ̀ ti mọ ìyẹn sórí. Ó máa ń ta èèyàn léjìká, àmọ́ ẹni tó bá fi sùúrù kọ́ ọ á mọ́ ọn lára. Kátíríìjì ẹ̀ kì í wọ́n ṣọ́ọ̀bù, páálí ogún lè wà ní nǹkan bí $30 sí $45 fún tàwọn tó wọ́pọ̀, àwọn tó dáa jù á lé ní $50. Ohun tí mo fẹ́ràn jù lára ẹ̀ ni pé ó ń gbé ọta wúwo àti ọta fúyẹ́, láti 150 dé 200 grain àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìbọn kan yẹn lẹ lè fi pa àgbọ̀nrín ní Texas kẹ́ ẹ tún gbé e lọ sóde elk ní Montana.

.308 Winchester dé lọ́dún 1952, àbúrò .30-06 ni, ọta wọn sì rí bákan náà, àmọ́ kátíríìjì ẹ̀ kúrú, nítorí náà ìbọn ẹ̀ máa ń kúrú díẹ̀, ó sì máa ń fúyẹ́ díẹ̀. Ọta 165 grain ń jáde ní 2,700. Tẹ́ ẹ bá fi wé .30-06, ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn kì í tó ohun tí elk máa mọ̀ lára, tó bá wà láàárín 300 yáàdì. Èjìká ni yóò mọ ìyàtọ̀ ẹ̀, .308 rọrùn díẹ̀. Ọta ẹ̀ ló sì wọ́pọ̀ jù nínú gbogbo àwọn tí mo fẹ́ sọ níbí, èyí túmọ̀ sí pé ẹ máa lè yìn ín dáadáa nínú oṣù keje àti ìkẹjọ kí àsìkò ọdẹ tó dé, owó ò sì ní dá yín dúró. Mo mọ àwọn tó máa ń fojú tín-ín-rín ẹ̀ pé ìbọn ológun ni, pé kò lágbára tó fún elk. Wọn ò tọ̀nà. Ọta 165 tàbí 180 tó le dáadáa, tó bá gba ẹ̀yìn apá wọlé, iṣẹ́ parí.

.270 Winchester, ọdún 1925. Ọta ẹ̀ máa ń yára, 130 grain ní 3,060, 150 grain ní nǹkan bí 2,850, ó ń lọ tààrà débi pé èèyàn ò ní máa ṣírò ju bó ṣe yẹ lọ ní 300 yáàdì. Fún elk, ẹ fi 130 tí wọ́n fi òjé lásán ṣe sílẹ̀ fún àgbọ̀nrín, 150 ni kẹ́ ẹ mú, tàbí 130 tí wọ́n fi bàbà ṣe. Tí bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n kan bá fẹ́ fún yín ní .270 àtijọ́ tó wà nílé, ẹ gbà á pẹ̀lú ọpẹ́.

Ọ̀rọ̀ 6.5 Creedmoor ló máa ń dá ìjà sílẹ̀. Ilé iṣẹ́ Hornady ló gbé e jáde ní nǹkan bí ọdún 2007 fún àwọn tó ń díje nínú ìbọn yíyìn, ó sì gbayì torí kì í ta èèyàn léjìká púpọ̀, ó sì ń ba ibi tí wọ́n fojú sùn. Ọta 143 grain ń jáde ní 2,700, agbára ẹ̀ ní ẹnu ìbọn jẹ́ nǹkan bí 2,300 foot-pound, tó bá fi máa dé 300 yáàdì ó ti kù bí 1,650, kó tó dé 400 ó ti bọ́ sábẹ́ 1,500. Àwọn kan ní kò sẹ́ni tó yẹ kó gbé e lọ sóde elk, àwọn míì ń fi yin elk ní 600 yáàdì tí wọ́n ń ṣe fídíò ẹ̀. Ní tèmi, ọ̀nà méjèèjì ò dáa. Ìbọn elk ni, àmọ́ ìbọn elk tí kò gbọ́dọ̀ jìnnà ni, tó ń fẹ́ ọta tó le, tó sì ń fẹ́ kí ẹran dúró kó fi ẹ̀gbẹ́ hàn, kì í ṣe èyí tó kọ̀dí sí yín. Obìnrin tó kéré lára, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tó ń bá bàbá ẹ̀ lọ, ẹni tí èjìká ẹ̀ ti ṣe iṣẹ́ abẹ rí, mo máa fún wọn ní 6.5 tàbí 7mm-08 Remington kí n tó fún wọn ní .300, mi ò sì ní ronú ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. 7mm-08 tiẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù nínú méjèèjì, torí ó ń gbé ọta tó fẹ̀ díẹ̀ sí i, èjìká ò sì fi bẹ́ẹ̀ mọ ìyàtọ̀, ó kàn jẹ́ pé àwọn ṣọ́ọ̀bù kéékèèké kì í sábà kó o pọ̀ ni.

7mm Remington Magnum bọ́ sọ́jà lọ́dún 1962, ọdún kan náà pẹ̀lú ìbọn Remington 700, kò sì pẹ́ tó fi di ìbọn àwọn ọdẹ òkè. Ọta 160 grain máa ń jáde ní nǹkan bí 2,950 tó lé ní 3,000 foot-pound, ó máa ń fi íǹṣì kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ dín ìwálẹ̀ .30-06 kù ní 300 yáàdì, ó sì máa ń di agbára ẹ̀ mú títí dé nǹkan bí 500. Bó sì ṣe ń gbá èjìká ò ju ti .30-06 lọ púpọ̀. Nínú gbogbo àwọn tó ń jẹ́ Magnum, ìyẹn àwọn tí ẹ̀tù inú kátíríìjì wọn pọ̀ kí ọta lè lágbára sí i, òun ló rọrùn láti gbé pọ̀. Àbúrò ẹ̀ tuntun, 7mm PRC, jáde ní ìparí ọdún 2022, wọ́n ṣe ibi tí kátíríìjì ń jókòó sí nínú ọ̀pá ẹ̀ kó lè gbé ọta gígùn tó wúwo, 175 grain ní 3,000, èyí tí ọ̀pọ̀ 7mm Magnum àtijọ́ ò lè gbé dáadáa torí bí wọ́n ṣe gé ilà tó ń mú ọta yí nínú ọ̀pá wọn. Nǹkan tó dáa gan-an ni fún ẹni tó ń ṣọdẹ ní pápá gbalasa. Àmọ́ owó páálí ẹ̀ ga, ní ìlú kékeré ẹ lè dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tajà kó ní òun ò ní in, 7mm Magnum àtijọ́ kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

.300 Winchester Magnum, 1963. Alágbára ni lóòótọ́. 180 grain ní 2,960, ó lé ní 3,400 foot-pound lẹ́nu ìbọn, ó ṣì ń lé ní 1,500 tó bá kọjá 500 yáàdì. Tí akọ elk bá dúró ní ẹ̀gbẹ́ kejì àfonífojì ní Wyoming, tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́, tí ò sí ibi téèyàn lè gbà sún mọ́ ọn, ìbọn yìí ló yẹ lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n lò. Ẹni tó mọ̀ ọ́n lò ni mo sọ o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti yin ìbọn ẹlẹ́nu méjì nílé pẹ̀lú kátíríìjì tó wúwo, ẹ ti mọ bí .300 ṣe máa ń gbá èèyàn, ó sún mọ́ ọn gan-an, ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé nílé ẹran ò ju 30 tàbí 40 yáàdì lọ, tí ara èèyàn bá tiẹ̀ ta gìrì díẹ̀ ọta wẹ́wẹ́ á ṣì bá a. Ní 300 yáàdì, gìrì yẹn ló máa gbé ọta kúrò lẹ́dọ̀fóóró lọ sínú ikùn.

Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀ bóyá ìbọn kan ti le jù fún yín rèé, ẹ má bi ẹnikẹ́ni. Ẹ lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ́ ìbọn yíyìn, kí ẹnì kejì yín máa bá yín ki ìbọn, kó máa fi kátíríìjì òfìfo tí wọ́n ń tà fún irú ẹ̀ sáàárín àwọn gidi láìjẹ́ kẹ́ ẹ mọ èyí tó kàn. Tẹ́ ẹ bá wá tẹ tírígà tó kan èyí tó ṣófo, ìbọn ò ní dún, kó wá máa wo ẹnu ìbọn. Tí ẹnu ìbọn bá dúró jẹ́ẹ́, ẹ ti mọ̀ ọ́n yìn. Tó bá bẹ́ sísàlẹ̀, tí ojú yín dì, tí èjìká yín sún síwájú, ara yín ti ń sá fún ìbọn náà kó tó dún, ẹ̀yin fúnra yín ò sì mọ̀. Mo ti rí ọkùnrin gìrìpá tó ń fi .300 rẹ̀ yangàn tí ẹnu ìbọn ẹ̀ bẹ́ sísàlẹ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n fún un ní .308 lójú ẹsẹ̀ ó sì ń fi ọta mẹ́ta sójú ibì kan. Àwọn kan máa ní kí wọ́n de brake, irin oníhò tó ń darí atẹ́gùn ìbọn sẹ́gbẹ̀ẹ́, mọ́ ẹnu ìbọn, òótọ́ ni pé ó ń dín ìgbáni kù púpọ̀, ṣùgbọ́n ariwo ẹ̀ burú, ó ń ba etí jẹ́ fún ẹ̀yin àti ẹni tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, nínú igbó ẹ ò sì ní máa ráyè fi nǹkan dí etí kí elk tó lọ. .338 Winchester Magnum tún le ju gbogbo ìwọ̀nyí lọ, ẹni tí kì í bá ṣe pé ó tún fẹ́ lọ sóde ní Alaska kó fi sílẹ̀.

Ọta gan-an ló kù, ibẹ̀ ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ náwó sí. Ọta tó wọ́pọ̀ jù jẹ́ òjé tí wọ́n fi bàbà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò, bíi Core-Lokt tí Remington ti ń ṣe láti ọdún 1939. Kì í ṣe nǹkan burúkú, ó ti pa elk lọ bí ilẹ̀ bí ẹní, pàápàá látinú .308 àti .30-06 tí ọta wọn kì í yára jù. Ìṣòro ń bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n bá fi irú ẹ̀ sínú Magnum tó ń sáré, tí elk wá dúró sí 60 yáàdì, ọta á kan eegun apá pẹ̀lú eré yẹn, á sì fọ́ yángá kó tó dé ẹ̀dọ̀fóóró. Ohun tó fà á nìyẹn tí mo ṣe sọ pé ìbọn ńlá pẹ̀lú ọta yẹpẹrẹ burú ju ìbọn kékeré pẹ̀lú ọta gidi lọ.

John Nosler ti rí ìṣòro yìí ṣáájú wa. Lọ́dún 1946 ó lọ sóde moose, ẹran ìdílé àgbọ̀nrín tó tún tóbi ju elk lọ, ní British Columbia ní Kánádà, ọta ẹ̀ ń fọ́ sára ẹran dípò kó wọlé, ló bá ronú kan ọta tó ní ògiri bàbà láàárín, iwájú á ṣí, ẹ̀yìn á wà bó ṣe wà á sì máa tì í lọ. Òun ni Partition, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tà á lọ́dún 1948, wọ́n ṣì ń tà á títí dòní. Mo ti yọ irú ọta bẹ́ẹ̀ rí lábẹ́ awọ ẹ̀gbẹ́ kejì elk, ó fọ́ egungun ìhà wọlé, ó la ẹ̀dọ̀fóóró méjèèjì kọjá, awọ ẹ̀gbẹ́ kejì ló dá a dúró. Mo fi ọ̀bẹ là á jáde, iwájú ẹ̀ ti ṣí sílẹ̀ bí olú tó hù lẹ́yìn òjò, ẹ̀yìn ẹ̀ sì wà gbọin. Ohun téèyàn ń fẹ́ nìyẹn. Nosler AccuBond, Swift A-Frame àti Trophy Bonded ti Federal náà ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn, wọ́n máa ń lẹ òjé mọ́ bàbà kó má fi í sílẹ̀ tàbí kí wọ́n gba ọ̀nà míì dì í mú. Ẹ̀ka àkọ́kọ́ nìyẹn.

Ẹ̀ka kejì ni ọta tó jẹ́ bàbà látòkè délẹ̀, bíi TTSX ti Barnes. Kì í fọ́, ó sì máa ń wọlé jinlẹ̀ ju àwọn yòókù lọ, ìyẹn ló jẹ́ kéèyàn lè mú èyí tó fúyẹ́ díẹ̀, 150 grain dípò 180 nínú .30-06. Àbùkù ẹ̀ ni pé ó ń fẹ́ eré kó tó lè ṣí, tó bá ti jìnnà jù tí eré ẹ̀ sì ti dínkù, ó lè gba inú ẹran kọjá láìṣí dáadáa. Ní California òfin ló fi dandan lé e pé ọta ọdẹ ò gbọ́dọ̀ ní òjé, láti oṣù keje ọdún 2019, torí àwọn ẹyẹ condor tó ń jẹ ìfun tí àwọn ọdẹ fi sílẹ̀ tí òjé sì ń pa wọ́n. Ní ọ̀pọ̀ ibòmíì kò pọn dandan, àmọ́ èmi ò lè ṣe kí n má sọ ọ́, ẹran elk kan lè lé ní 200 pọ́n-ùn lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá yọ eegun, ẹ̀yin, aláboyún ilé àtàwọn ọmọ ló máa jẹ ẹ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù, ọta òjé sì máa ń tú ẹ̀rún tí ojú ò lè rí sínú ẹran tó yí ojú ọgbẹ́ ká. Tọ́mọdé bá wà nílé, ẹ ra bàbà.

Ẹ̀ka kẹta ni àwọn ọta tí wọ́n ṣe fún ọ̀nà jíjìn, bíi ELD-X, wọ́n ń ba ojú ibi gan-an, wọ́n sì máa ń ṣí kódà nígbà tí eré wọn ti dínkù. Fún 400 yáàdì wọ́n dáa. Tó bá jẹ́ igbó igi aspen dídí tí elk lè yọ síni ní 50 yáàdì, mi ò ní gbé wọn dání.

Ìbọn fúnra ẹ̀ wá ńkọ́? Ọ̀rọ̀ ibẹ̀ ò pọ̀ mọ́ bíi tàtijọ́, torí lónìí ìbọn bolt-action (èyí tí wọ́n ń fọwọ́ fa kí ọta míì tó wọlé) olówó pọ́ọ́kú ń ba ibi tẹ́ ẹ fojú sùn ju bí èèyàn tó gbé e dání ṣe lè ṣe lọ. Savage Axis àti Ruger American lẹ lè rí láàárín nǹkan bí $400 sí $650. Ìdí wọn jẹ́ ike, fífà wọn kì í dán lọ́wọ́, àmọ́ wọ́n ń ṣiṣẹ́, owó tó ṣẹ́kù lẹ máa fi ra skópù àti ọta gidi. Tikka T3x Lite, tí Sako ń ṣe ní Finland, ni mo máa ń darí ọ̀pọ̀ èèyàn sí, ó wà ní nǹkan bí $700 sí $900, kò wúwo ju nǹkan bí pọ́n-ùn mẹ́fà àtààbọ̀ lọ, tẹ́ ẹ bá fa bolt ẹ̀ ẹ máa mọ̀ lọ́wọ́ pé iṣẹ́ ọlọ́wọ́ pípé ni. Weatherby Vanguard, ilé iṣẹ́ Howa ní Japan ló ń bá wọn ṣe é, ó wúwo díẹ̀, pọ́n-ùn méje lé, mo sì ka ìyẹn sí oore fún ẹni tó bá fẹ́ mú Magnum, torí ìbọn tó wúwo kì í ta èèyàn bíi ti fífúyẹ́. Bergara B-14 láti Spain, ọ̀pá ẹ̀ dáa gan-an, owó ẹ̀ sún mọ́ $1,000. Winchester Model 70, tó wà láti ọdún 1936, ń di kátíríìjì mú látìgbà tó bá ti jáde nínú àpótí títí tó fi wọlé, àwọn tó ń ṣọdẹ níbi tí béárì grizzly wà fẹ́ràn ẹ̀ torí ìyẹn, àmọ́ ẹ máa san $1,100 lọ sókè.

Ẹ ṣọ́ra fún àwọn ìbọn carbon tó fúyẹ́ bí ìyẹ́ tí wọ́n fi .300 sí. Ẹ máa dúpẹ́ nígbà tẹ́ ẹ bá ń gun òkè, ẹ máa kábàámọ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ yìn ín. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ìbọn fífúyẹ́, ẹ mú .308 tàbí 7mm-08 sínú ẹ̀.

Skópù 3-9 tàbí 2-10 (nọ́ńbà yẹn ń sọ iye ìlọ́po tó ń sọ nǹkan di ńlá lójú) ti tó, kó má ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ púpọ̀, torí nínú igbó èyí tó ń sún nǹkan mọ́ni jù á jẹ́ kẹ́ ẹ máa wá elk tó wà níwájú yín tì. Ẹ ná nǹkan bí $250 sí $500 sí i, kẹ́ ẹ sì rí i pé wọ́n dè é mọ́ ìbọn dáadáa.

Ó ku ọ̀rọ̀ òfin tó kan àwa tí wọn ò bí sí Amẹ́ríkà níbí, mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ kà á dáadáa. Ẹni tó ní green card lè ra ìbọn bíi ti ọmọ onílùú, yóò kọ fọ́ọ̀mù ìrabọn tí wọ́n ń pè ní Form 4473, ìjọba á ṣe ìwádìí nípa ẹ̀, ní Colorado ó tún máa dúró ọjọ́ mẹ́ta kó tó gbé e. Ẹni tó wà lórí físà tí kì í ṣe ti ẹni tó wá gbé ibẹ̀ títí lọ, bíi akẹ́kọ̀ọ́, òfin ìjọba àpapọ̀ ò gbà kó ní ìbọn, kódà kó gbé e dání lásán, àfi tó bá bọ́ sí ọ̀kan lára àwọn tí òfin yọ sílẹ̀, ọ̀kan nínú wọn sì ni ẹni tó ní láísẹ́ńsì ọdẹ tó pé lọ́wọ́. Ẹ má yá ìbọn ọ̀rẹ́ lọ síbi tí wọ́n ti ń yìn ín kẹ́ ẹ tó gba láísẹ́ńsì yẹn, ẹ̀sùn ìjọba àpapọ̀ ni, ó sì lè ba ìwé yín jẹ́ títí ayé. Ẹni tí kò níwèé rárá, kó má fọwọ́ kan ìbọn. Tí ọ̀rọ̀ ìwé yín bá ta kókó, ẹ lọ bá lọ́yà kẹ́ ẹ tó ra ohunkóhun. Tẹ́ ẹ bá máa wọ bàálù, ìbọn gbọ́dọ̀ ṣófo, nínú àpótí líle tó ní kọ́kọ́rọ́, kẹ́ ẹ sì sọ fún wọn ní káńtà.

Ta ló yẹ kó mú èwo? Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, tí owó ẹ̀ ò pọ̀, tó sì máa ṣọdẹ nínú igbó láàárín 300 yáàdì, kó ra Ruger American tàbí Savage ní .308, ọta 165 Partition tàbí AccuBond, kó fi owó tó kù ra kátíríìjì olówó pọ́ọ́kú tó máa fi kọ́ṣẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ ìbọn kan ṣoṣo tó máa lò títí ọmọ ẹ̀ á fi gbà á lọ́wọ́ ẹ̀, tó lè fi pa ohun gbogbo, .30-06 nínú Tikka, ọta 180, mi ò ní yí ẹnu mi padà lórí ìyẹn. Obìnrin, ọ̀dọ́, àti ẹni tí èjìká ń dùn, 7mm-08 tàbí 6.5 Creedmoor, ọta bàbà, kí wọ́n má kọjá 250 sí 300 yáàdì, kí wọ́n sì dúró di ìgbà tí ẹran bá fi ẹ̀gbẹ́ hàn. Ẹni tó ti ń yìnbọn fún ọ̀pọ̀ ọdún tó ń lọ sí pápá gbalasa ní Wyoming tàbí Montana, 7mm Magnum ló máa bá a mu jù, tàbí 7mm PRC tówó bá wà. .300, ẹni tó bá yege nínú ìdánwò kátíríìjì òfìfo yẹn nìkan, nínú ìbọn tí kò fúyẹ́ ju pọ́n-ùn méje àtààbọ̀ lọ pẹ̀lú skópù lórí ẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ti ní .270 tàbí .30-06 nílé tẹ́ ẹ kàn ń wá àwáwí láti ra tuntun, ẹ fi owó yẹn sílẹ̀ ná. Ẹ ra páálí mélòó kan nínú ọta tó dáa, kó jẹ́ irú kan náà láti páálí kan náà, ẹ fi ṣètò skópù sí 200 yáàdì, ẹ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ yìn ín, ẹ kúnlẹ̀ yìn ín, ẹ gbé e lé orí báàgì yìn ín bẹ́ ẹ ṣe máa yìn ín lórí òkè, kì í ṣe lórí tábìlì nìkan. Ibi tẹ́ ẹ bá ti ń kó gbogbo ọta sínú àwo ìjẹun kan láìṣì í, ibẹ̀ ni ẹ gbọ́dọ̀ mọ, bó jẹ́ 200 bó jẹ́ 300, tí elk bá dúró sí ìwájú ibẹ̀ ẹ sún mọ́ ọn, tí kò bá ṣeé sún mọ́ ẹ jẹ́ kó máa lọ.